Ọkọ́ Ogún, Ọkọ̀ Ogun

Ní Igbó-Ọrà, tí ẹ bá béèrè ilé Ìsmáílà Àkànó, ẹni tí ẹ bi yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kó tó nawọ́ sọ́nà. "Alágbẹ̀dẹ ọkọ̀ ojú omi?" ni yóò wí. Bẹ́ẹ̀ omi tó sún mọ́ agbẹ̀dẹ ọkùnrin náà jù kò ju kòtò ẹja tí ìyàwó rẹ̀ fi sìmẹ́ńtì mọ sẹ́yìn ilé. Òkun jìnnà réré. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló fojú rí i láyé rẹ̀, lọ́jọ́ tó bá wọn lọ ra irin ní Àpápá.

Inú agbẹ̀dẹ ni wọ́n bí i sí, kì í ṣe àsọdùn. Ìyá rẹ̀ ń finná fún bàbá rẹ̀ nígbà tí ìrọbí mú un. Ọkọ́ ni bàbá rọ títí ó fi kú, ọkọ́ náà ni ọmọ ń rọ. Láti Ìdèrè dé Ayétẹ̀, bí ẹ bá rí oko ẹ̀gẹ́ tí ebè rẹ̀ gún régé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọkọ́ ilé wọn ló kọ ọ́.

Ẹ̀pà ló kó bá a. Ó kéré nígbà náà. Ìwé àlòkù ni ìyá ẹlẹ́pà fà ya tó fi di ẹ̀pà fún un, àwòrán ọkọ̀ ogun kan sì wà lára bébà náà. Ọkọ̀ àtijọ́ ni, láyé ìgbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń bá ara wọn jagun. Irin ni wọ́n fi bò ó lára. Ó dùbúlẹ̀ sínú omi bí ọ̀nì, ilé ìbọn kan ṣoṣo ló sì gbé sẹ́yìn, roboto bí ìkòkò tí a fi ọmọrí dé. Ìwé náà ní òun àti ọkọ̀ onírin mìíràn dojú ìbọn kọ ara wọn láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n yìn ín títí, ìkankan kò lu èkejì já. Lẹ́yìn náà ni ìjì dé. Omi gba abẹ́ ilé ìbọn wọ inú rẹ̀, ó sì rì.

Àkànó jẹ ẹ̀pà, ó fi bébà pamọ́. Rírì yẹn ló dùn ún. Irin tí ìbọn ò rí gbé ṣe, omi lásán ló pa á! Bó ṣe ń dàgbà, bẹ́ẹ̀ ló ń tún ọkọ̀ náà ṣe lọ́kàn ara rẹ̀. Tó bá ń lu irin lọ́wọ́, á máa ṣàlàyé fún ẹni tó bá jókòó tì í: èédú ni wọ́n ń dá nínú ọkọ̀ náà, èéfín ń ta wọ́n lójú, ihò tóóró ni atukọ̀ sì ti ń yọjú. Ẹ yọ èédú kúrò, ẹ fi ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì sí i. Ẹ fún un ní rédà, ojú tó ń rí ọ̀nà nínú òkùnkùn. Ẹ jẹ́ kí ilé ìbọn rẹ̀ rí roboto bó ṣe wà, ṣùgbọ́n rọ́kẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ kó sínú rẹ̀. Ẹ wá fún un ní pọ́ńpù tí yóò máa tu omi dànù láìsinmi. Kí ìjì wá dé wàyí!

"Bàbá Rùkáyyàh," wọ́n á ní, "ta ló fẹ́ gba ojú omi wá gbógun ti Igbó-Ọrà?"

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹni tó kọ́kọ́ ro ti bàálù, ṣé ojú ọ̀run ló ń gbé?"

Ọláyídé, olórí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ní Tápà, ló wá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn ọ̀ràn. Òun àti Àkànó jọ ké kéwú ni, pankẹ́rẹ́ kan náà ló nà wọ́n. Ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù Àkànó: *Ba mi se oko ogun fun ipate Eruwa. Ki o dara o.* Ìhòòhò ni ọ̀rọ̀ náà wà. Kò sí àmì lórí, kò sí àmì nísàlẹ̀.

Àkànó kà á, ó tún un kà. Ó mọ ohun tó yẹ kóun ṣe: kó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀, kó bi í. Ó ti fóònù bọ àpò. Ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ "rárá" kì í béèrè.

Ó gé tánńkì omi tó ti ń jò, ó fi jó ara ọkọ̀ náà, ó gùn tó bẹ́ẹ̀dì. Dísẹ́ẹ̀lì kò ṣeé fi sínú ohun tó kéré bẹ́ẹ̀, ló bá yọ bátìrì sólà ìyàwó rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń yí wáípà mọ́tò ló ń yí ilé ìbọn. Páìpù rọ́kẹ́ẹ̀tì yọrí níbi tí àgbá ti ń yọrí láyé ọjọ́un. Rédà rẹ̀ ni nǹkan tó máa ń ké pí-pí-pí bí mọ́tò bá ń fẹ̀yìn rìn. Pọ́ńpù rẹ̀ sì ni èyí tó ń tu omi sí gíláàsì iwájú mọ́tò.

Nígbà tí ìpàtẹ irè oko ní Èrúwà ku ọ̀la, Ọláyídé gbé píkọ́ọ̀pù dé.

"Àkànó! Ọkọ́ mi dà?"

Àkànó ká tapólì kúrò. "Òun nìyí."

Ọláyídé yí i po. "Kí lèyí?"

"Ọkọ̀ ogun tó o ní kí n ṣe."

"Yéè! Ogún ọkọ́ ni mo ní! Ọkọ́! Èyí tí à ń fi kọ ebè! Ogún, bí ìka ọwọ́ àti tẹsẹ̀!"

Làtíífàt, ìyàwó Àkànó, tó ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, rẹ́rìn-ín títí ọ̀bẹ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Mo ṣáà wí! Mo ní ta ní ń pàtẹ ọkọ̀ ogun sáàárín iṣu!"

Àkànó yọ fóònù. "Kà á. Ta ní ń *ṣe* ọkọ́? Rírọ là ń rọ ọkọ́. Láti ìgbà tí bàbá mi ti ń rọ ọkọ́ fún bàbá rẹ, ta ló ní ká bá òun *ṣe* ọkọ́ rí? Ta ní sì ń pe ọkọ́ kó tó pe ogún?"

"Ìka mi ló kánjú!"

"Tèmi ò kánjú."

Ọláyídé gbá orí mú. Ó ti ṣèlérí lójú gbogbo ẹgbẹ́. "Gé e. Irin ara rẹ̀ á tó ogún ọkọ́. Bẹ̀rẹ̀ báyìí."

"N kò gé e."

"Alágbẹ̀dẹ tó bá já oníbàárà kulẹ̀, ta ni yóò tún gbé iṣẹ́ wá fún un?"

"Gbogbo ayé mi ni mo fi rọ ohun tí ẹlòmíràn fẹ́. Ẹyọ kan yìí, tèmi ni. N kò gé e, Ọláyídé."

Ọláyídé wò ó, ó wo kòtò ẹja. "Irin kì í léfòó. Ó dáa, gbé e sómi. Màá ka Yáàsínì. Tó bá ṣì wà lókè omi nígbà tí mo bá kà á tán, màá gbé e lọ sí Èrúwà, màá gba ìtìjú mi. Tó bá rì, ọwọ́ ara rẹ lo máa fi gé e."

"O ti ń ka Yáàsínì lé e lórí kó tó kú?"

"Ó ti ń kú lọ."

"Bí ẹja mi kan bá kú, Bàbá Rùkáyyàh," Làtíífàt wí, "ẹ̀yin ni màá fi sebẹ̀!"

Wọ́n gbé e sómi. Ó léfòó. Ọláyídé bẹ̀rẹ̀ kéwú, ó ń fà á bí okùn.

"Má fà á gùn o! O ò fà á báyìí níwájú Alùfáà tó kọ́ wa!" Àkànó kígbe.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà ti ń tẹ̀. Omi rí àlàfo lábẹ́ ilé ìbọn, ó ń wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ibi tí ìdààmú ti bá ti àtijọ́ gan-an. Pọ́ńpù dákẹ́. Làtíífàt kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ti mẹ́sẹ̀ kan bọ inú kòtò.

"Ẹ jẹ́ kí n gbé e jáde, ẹ ẹ̀ rí i ni?"

"Fi sílẹ̀." Àkànó káwọ́ sẹ́yìn. "Bí kò bá lè gba ara rẹ̀ là, kò yàtọ̀ sí ti inú bébà. Màá gé e fúnra mi."

Omi lá etí ọkọ̀. Nígbà náà ni pọ́ńpù wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó sì tu omi fáà sí àyà Ọláyídé. Ọláyídé kò lè pa kéwú tì. Ó ń kà, omi ń lù ú, ó ń kà. Ọkọ̀ náà gbéra díẹ̀díẹ̀. Kò tọ́ gbọnrangandan, ẹ̀gbẹ́ kan ló fì sí, agbára omi tó ń tu sì ń tì í lọ. Nígbà tó kù díẹ̀ kó fara gbá ògiri, rédà rẹ̀ figbe ta: pí-pí-pí! Làtíífàt fọwọ́ darí rẹ̀ bí ẹni darí àgùntàn.

Ọláyídé kà á dópin. Ó nu ojú rẹ̀.

"Ó tẹ̀," ló wí.

"Ó tẹ̀. Kò tẹ́."

Wọ́n gbé e sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Àkànó gòkè tì í, ó di ilé ìbọn mú.

"Ogún ọkọ́ rẹ á dé Tápà kí wọ́n tó tún ná ọjà," ó ní. "Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu báyìí."

"Àwọn ará Èrúwà á bi mí, kí làwọn àgbẹ̀ fẹ́ fi ọkọ̀ ogun ṣe."

"Sọ fún wọn pé ìwọ lo bẹ̀ mí níṣẹ́," Àkànó wí, ó sì fọwọ́ lu àpò tí fóònù rẹ̀ wà. "Ẹ̀rí wà níbí."