Ọwọ́ Tó Gbé Ìpàdé Dìde

Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa ní Bódìjà ló ránṣẹ́ sí wa pé àwọn máa pinnu bóyá kwáyà ọkọ mi á kúrò ní gáréèjì wa. Wọ́n ní ariwo rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹ gbọ́ mi o, àdúgbò tí jẹnẹrétọ̀ ti ń ké láti àárọ̀ dalẹ́! Ohun tó tún ká mi lára ni pé ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni ọ̀pọ̀ wa ń lọ. Fún ọdún gbọọrọ, ọkọ mi ni ọ̀gá akọrin níbẹ̀. Tó bá ti gbọ́wọ́ sókè, gbogbo ìjọ á dìde. Nígbà tó fẹ̀yìn tì ló kó àwọn àgbà mélòó kan jọ sí gáréèjì, tí wọ́n ń kọrin ní gbogbo Fúráìdè. Àwọn tó ń dìde fún un nígbà yẹn ló wá ní kò jẹ́ kí àwọn sun oorun ọ̀sán.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ gáréèjì ló ń bà mí nínú jẹ́. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti fẹ̀yìn tì, Fúráìdè nìkan ló ń fá irùngbọ̀n. Lọ́jọ́ yòókù, orí àga kan náà ni, tòun ti pijáámà. Tí wọ́n bá gba kwáyà yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, mo mọ̀ pé orí àga yẹn ló máa parí sí. Ẹ̀rù sì ń bà mí gan-an.

Wọ́n ní kí ó wá ro ẹjọ́ tirẹ̀. Àmọ́ ọkọ mi, ará Èkìtì tó ń jágbe mọ́ àwọn tẹ́nọ̀ bí ẹni ń lé ewúrẹ́ nínú oko, kò lè sọ gbólóhùn méjì níwájú èèyàn kó má làágùn. "Mọ́mì," ó ní, "ìwọ lo máa bá wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ sísọ àti orin kíkọ, ọmọ ìyá ni wọ́n. Màá kọ́ ẹ."

"Dádì, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ní ohùn mi ò ṣeé gbọ́, kí n má wọ kwáyà yín?"

"Ìyẹn yàtọ̀."

Yàtọ̀ kẹ̀? Ó ní kí n dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ó gbé agolo mílíìkì lé mi níkùn: tí mo bá ti mí, kí agolo gòkè. Ó ní kí n la ẹnu débi tí ìka méjì á fi wọ̀ ọ́. Ó ní kí n máa fi dò-rè-mí sọ "Alága, ẹ̀yin onílé." Níjọ́ kan, ìyàwó alága gbọ́ ohùn mi, ó wá kan ilẹ̀kùn wa, ó ti wé gèlè dúdú, ó ń bi wá pé ta ló ṣaláìsí. Mo tún ń ṣe ìdánrawò nínú takisí Míkírà tó ń lọ sí Dùgbẹ̀. Bí mo ṣe ní, "Ẹ jẹ́ ká máa fara dà á fún ara wa," èrò ẹ̀yìn ní, "Àmín!" Ẹnì kan sì nawọ́ owó ọrẹ sí mi.

Mọ́ńdè kan tí ìjọba fún wa ní ọlidé ni ìpàdé bọ́ sí, nínú ọgbà alága, lórí àga rọ́bà. Ọkọ mi jókòó níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, kó lè máa wo ẹnu mi. Nínú ẹgbẹ́ wa, a kì í nawọ́ dìbò mọ́, dídìde là ń dìde, nítorí pé ọkùnrin kan ti nawọ́ méjèèjì rí, ó ní ilé méjì lòun ní.

Mo bẹ̀rẹ̀. Yéè! Mo ti gbé ohùn sókè jù, bí ẹni tó dá orin tí ẹnikẹ́ni ò lè gbè. Mo ń gòkè ṣáá, n kò ríbi sọ̀ sí. Nígbà tí mo dé ibi tó dùn mí jù, ìyẹn ọ̀rọ̀ ọkọ mi gan-an, èémí tán. Mo yanu sílẹ̀, nǹkan kan ò jáde.

Inú alága dùn. "Ó ti tó, Mọ́mì. Ẹni tó bá fẹ́ kí kwáyà máa bá iṣẹ́ lọ, kó dìde."

Kò sẹ́ni tó mira. Àmọ́ ọkọ mi ò gbọ́ ohun tí alága sọ. Ẹnu mi tó là sílẹ̀ ló tẹjú mọ́. Ó ṣáà ń fẹ́ kí n mí. Ó bá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bó ṣe máa ń ṣe kí orin tó bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo ìpàdé dìde fùú! Wọ́n fa èémí sínú. Ìyá àgbà kan bi ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé, "Orin nọ́ńbà wo ni?" Alága fúnra rẹ̀ ti dúró ṣánṣán, ó ti wúkọ́ fún ohùn báàsì.

"Gbogbo wa la dìde," ni akọ̀wé wí. "Kwáyà ti wọlé."

Alága sáré jókòó. "Rárá o! Èmi ò..."

"Alága wa, ẹ ti dìde ná. Ó ṣojú gbogbo wa."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Nígbà tí a délé, ọkọ mi ní mo bẹ̀rẹ̀ sókè jù. Ẹ wo ọkùnrin yìí! Ó wá bi mí pé kí ni mo fẹ́ sọ kí èémí tó tán.

"Mo fẹ́ sọ fún wọn pé tí wọ́n bá gba kwáyà lọ́wọ́ yín, ẹ ò ní fá irùngbọ̀n mọ́."

Ó fọwọ́ pa àgbọ̀n. "Ó dáa tó ò sọ ọ́," ó ní. "Ǹ bá bú sẹ́kún lójú alága."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Túsìdè lásán o, mo bá a níwájú dígí, ọṣẹ ti bo àgbọ̀n rẹ̀.