Ìdọ̀bálẹ̀ Tó Pẹ́

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kì í jókòó nílé ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ fi oríkèé ìka kan ògiri, kó sì dẹ etí sí i. Ìgbà tó ń kọ́ṣẹ́ àyẹ̀wò ilé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, tó ń múra àtilọ parí ẹ̀ ní yunifásítì nílùú òyìnbó, ni àṣà yẹn ti mọ́ ọn lára. Á ní, "Ilé kì í purọ́. Ẹni tó kọ́ ọ ló ń purọ́."

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá kí bàbá wa ní Abúlé Òkúta, ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ ẹ́ lẹ́nu ọ̀nà: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kan ògiri Bàbá o!" Bàbá ló fọwọ́ ara wọn kọ́ ilé náà, wọ́n sì ń fi í yangàn.

Ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá ní, "Dìde, ọmọ mi." Kò dìde. Inú Bàbá dùn: "Ẹ wo ọmọ tí wọ́n kọ́!"

Ló bá sọ̀rọ̀ láti ilẹ̀, ojú ẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ògiri: "Bàbá, ẹ má bínú o. Omi ń gun ògiri yín láti ìpìlẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ bojú. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan ògiri náà.

"Ọdọọdún ni mò ń fi ẹfun kùn ún," wọ́n rọra sọ. "Mo rò pé kò sẹ́ni tó mọ̀."

Bàbá fi ẹ̀gbọ́n mi fún un ṣaya. Títí wọ́n fi kú, bó bá ti dọ̀bálẹ̀, wọn kì í ní kó dìde mọ́. Wọ́n á kọ́kọ́ bi í pé, "Ògiri ńkọ́?"