Bí Àǹtí Ariwo Ṣe Kọ́ Àwọn Ọmọ Kékeré ní Ààjà

Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ariwo ní kíláàsì àwọn ọmọ ọdún márùn-ún, ẹ má sá o, Àǹtí Ariwo ni. Ọdún mẹ́fà ló fi gbálẹ̀ nílé ìwé yẹn, tó ń fọ ife àwọn ọmọ, tó ń tẹ́tí sí tíṣà láti ẹ̀yìn fèrèsé. Ó lọ kọ́ṣẹ́ tíṣà nírọ̀lẹ́, ó gbàwé ẹ̀rí, wọ́n bá ní kó mú kíláàsì fún sáà kan ná, káwọn wò ó. Ọ̀gá ilé ìwé, màmá kan tó máa ń ránmú sọ̀rọ̀, ti kìlọ̀ fún un: "Ẹ tún pariwo lẹ́ẹ̀kan sí i, ìgbálẹ̀ yín wà níbi tẹ́ ẹ fi í sí."

Ṣéyẹn dẹ́rù bà á? Rárá o! Lọ́jọ́ tó fẹ́ kọ́ wọn ní ààjà ńlá, ìjì tó ń yí bírí-bírí tó ń ká òrùlé, ó pín wọn sí méjì. Àwọn tó wọ súwẹ́tà ni afẹ́fẹ́ tútù, àwọn tí ò wọ̀ ọ́ ni afẹ́fẹ́ gbígbóná.

"Afẹ́fẹ́ tútù wúwo, ó ń wálẹ̀!"

Àwọn onísúwẹ́tà jókòó, gbì.

"Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́, ó ń lọ sókè!"

Ibẹ̀ ló ti ṣe é. Ẹ sọ fọ́mọ ọdún márùn-ún pé kó lọ sókè, òkè náà ló ń lọ. Kó tó ṣẹ́jú, ọmọ mọ́kànlá ti gun tábìlì, wọ́n ń fẹnu fẹ́ "fùùù!" Àfi bí ọ̀gá ṣe ṣílẹ̀kùn.

"Ẹ̀ẹ́ẹ̀n! Tíṣà, ọjà wo lẹ ń ná níbí?"

Àǹtí Ariwo dá a lóhùn: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, afẹ́fẹ́ gbígbóná ni wọ́n. Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan." Ó mú pẹ́ńsù, ó dá a dùbúlẹ̀ sáàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó ń fi tòkè yí i. "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wò ó. Afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ ń rọra lọ. Tòkè ń sáré. Kí ni pẹ́ńsù ń ṣe?"

"Ó ń yí!"

"Ó ń yí lórí ìdùbúlẹ̀. Ta ló máa gbé e dìde?"

Ọ̀gá fọwọ́ síbàdí, imú ẹ̀ ń fẹ̀. Ni ọmọbìnrin tó kéré jù bá ké látorí tábìlì: "Àwa ni! Àwa tá à ń lọ sókè! A máa tì í dìde, á nàró, á wá máa yí!"

"Ta ló kọ́ ẹ?" ọ̀gá bi í.

"Àǹtí ni. Ẹ̀yin náà ẹ gòkè wá, mà, ẹ ò wọ súwẹ́tà."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu ọ̀gá, ó fimú gbà á, ló bá sín. "Ẹ kọ́kọ́ sọ̀ wọ́n kalẹ̀ kí wọ́n má lọ kán lẹ́sẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ wá gba rẹ́jísítà sáà tó ń bọ̀ lọ́wọ́ mi."

"Ẹ ṣé, mà." Àǹtí Ariwo yíjú pa dà, ó pàtẹ́wọ́. "Ó yá, afẹ́fẹ́ tútù, ẹ dìde, ó kàn yín!"