Wọ́n Kọ Ọ́ Pé Ara Mi Le

Ọjọ́ tí ayé mi yí padà, ẹ̀wà ni mò ń sè. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wo ogun lórí fóònù á ti máa retí pé ìbọn ni mo gbé lọ́wọ́. Rárá o. Ṣíbí onígi ni. Kúùkù ni mí nínú iṣẹ́ sójà. Ìwé tí mo kà ò pọ̀, nígbà tí wọ́n sì bi wá ní bàrékè pé ta ló lè dáná, èmi ni mo kọ́kọ́ nawọ́. Mo rò pé ẹni tó bá wà nídìí ìkòkò, ogun ò ní rí i. Ẹ wá wo ọgbọ́n!

Òkè Ọya la wà, ní apá Maidúgùrì, níbi tí iyanrìn ti ń bá èèyàn dé inú oúnjẹ. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ti lé díẹ̀. Ọkọ̀ kan já wọ géètì wa, mi ò tiẹ̀ rí i. Ohun tí mo rí ni pé ìkòkò mi gbéra nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ariwo dé. Etí mi òsì gbọ́ ìdajì ariwo náà, kò sì gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́ títí dòní.

Nígbà tí mo lajú, ẹ̀wà wà lára mi, ẹ̀jẹ̀ wà lára mi, mi ò mọ èwo ni èwo. Ẹnì kan di kọ́là mi mú, ó ń wọ́ mi nílẹ̀. Jóṣúà ni, ọmọ Inísà, ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé.

"Mi ò gbọ́!" ni mo pariwo.

Ó gbé ẹnu sí etí mi ọ̀tún. "Mo ní kóo dìde, òpònú! Àbí o fẹ́ dúró kí ẹ̀wà jiná ni?"

Sájẹ́ǹtì Làmídì, ará Òkukù, ló kó wa jáde. Ọjọ́ mẹ́ta la fi rìn nínú igbó ẹlẹ́gùn-ún. Omi tó dá sí ojú ẹsẹ̀ màlúù la mu. Ẹ̀wà tútù díẹ̀ wà nínú àpò ṣòkòtò mi, a pín in ní ẹyọ mẹ́rin mẹ́rin, a fi sẹ́nu títí tó fi rọ̀. Ní ọjọ́ kejì, ìbọn tún dún lẹ́yìn wa, a sì sáré. Kì í ṣe gbogbo wa la dé. Mi ò ní dárúkọ àwọn tí kò dé. Ìyá àwọn mìíràn nínú wọn ṣì wà láyé.

Wọ́n ní kí n máa lọ sílé. Mo padà sí Ìkìrun pẹ̀lú etí kan, ẹ̀yìn tí kò ṣeé tẹ̀, àti orí tó máa ń fi mí sílẹ̀ lọ sí Òkè Ọya láì sanwó ọkọ̀. Mo rí iṣẹ́ máìgádì ní ilé ìwé aládàáni kan. Ẹ ò rí i? Nínú gbogbo èèyàn ìlú, ẹni tí ọkọ̀ já géètì wọlé bá ni wọ́n ní kó wá ṣọ́ géètì.

Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ ń ṣe àríyá ìparí ọdún, bàlúùnù kan bẹ́. Kí n tó mọ̀, mo ti wà lábẹ́ ọkọ̀ ọ̀gá ilé ìwé. Àwọn òbí ń rẹ́rìn-ín. Màdáámù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Bàbá Géètì, ẹ jáde níbẹ̀ jọ̀ọ́. Ẹ ń dójú tì mí. Bó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ lọ wá iṣẹ́ mìíràn."

Abẹ́ ọkọ̀ yẹn ni mo ti pe Jóṣúà lórí fóònù. Àwa mẹ́ta, èmi, Jóṣúà àti Sájẹ́ǹtì, a ní bí a ṣe ń ṣe é. Ẹni tí orí rẹ̀ bá fi sílẹ̀ á pe ẹnì kejì. Ẹnì kejì ò ní sọ pẹ̀lẹ́ fún un o. Ìbéèrè ló máa bi í.

"Ìlú wo lo wà?"

"Ìkìrun."

"Kí lò ń rí?"

"Táyà."

"Tiwa ni àbí tiwọn?"

"Ti Màdáámù. Ó ti jẹ gan-an, kò ní pẹ́ bẹ́."

"Tóò, jáde lábẹ́ rẹ̀ kó tó bẹ́, Kúùkù."

Mo rẹ́rìn-ín, mo jáde.

Ọjọ́ náà ni àwọn méjèèjì ní àfi kí n gba fọ́ọ̀mù. Bọ́ọ̀dù kan wà tó ń yẹ àwọn tí ogun ṣe léṣe wò. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ogun ló ṣe mí báyìí, ìjọba á máa tọ́jú mi, màá sì fi géètì sílẹ̀ kí bàlúùnù tó pa mí. Bí wọn ò bá kọ ọ́, á jẹ́ pé èmi ni mo fọ́ etí ara mi.

Mo lọ. Ọ̀gá méjì àti dókítà kan ló jókòó.

"Ìwé tó fi hàn pé o wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà dà?"

"Ó jóná, sà."

"Ta ló jó o?"

"Bọ́ǹbù náà ni, sà."

Wọ́n wò mí bí ẹni pé ó yẹ kí n ti gba rìsíìtì lọ́wọ́ bọ́ǹbù. Ọ̀kan tiẹ̀ ní, "Kúùkù mà ni ẹ́. Báwo ni ogun ṣe wá dé ilé ìdáná?" Ó rẹ́rìn-ín. Mi ò rẹ́rìn-ín.

Dókítà, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, wá yíjú sí mi pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́.

"Bàbá, ṣé ara le?"

"Ara le, sà. A dúpẹ́."

"Ilé ńkọ́?"

"Àlàáfíà ni, sà."

Bírò rẹ̀ ń rìn. Mi ò mọ̀ pé ìkíni ti parí, àyẹ̀wò ti bẹ̀rẹ̀.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, lẹ́tà dé. Jóṣúà ló kà á fún mi nítorí òyìnbó inú rẹ̀ ga ju àjà ilé lọ. Wọ́n ní mo fi ẹnu ara mi sọ pé ara mi le, pé mi ò ní ìrora kankan.

Ẹ gbà mí o! Ta ni nínú yín tí wọ́n bi pé ṣé ara le, tó dáhùn pé kò le? Bí wọ́n bá ń gbé Yorùbá lọ sí itẹ́ òkú, á ní a dúpẹ́. Dókítà yẹn mọ̀. Ìyá tó bí i ló kọ́ ọ. Ó fi ìwà ọmọlúwàbí mi ṣe ẹ̀rí lòdì sí mi. Àwọn tó jókòó yẹn, àwọn ni wọ́n rán wa lọ. Nígbà tí wọ́n ń rán wa lọ, wọn ò béèrè ìwé.

Sájẹ́ǹtì ní ká pẹjọ́, àmọ́ kí n kọ́kọ́ wá gba tírénì bíi ti sójà ní Òkukù. Iwájú ilé rẹ̀ la ti ṣe é, Sátidé mẹ́rin. Òun ló ń ṣe dókítà.

"Bàbá, ṣé ara le?"

"A dúp..."

Ó fi fìlà gbá mi. "Padà síbẹ̀rẹ̀!"

Jóṣúà fẹ́rẹ̀ẹ́ jábọ́ lórí bẹ́ǹṣì. "Kúùkù, ara ẹ le ju òkè Ìkìrun lọ!"

"Sájẹ́ǹtì, ẹ gbọ́ mi," ni mo wí. "Bí mo bá fẹnu mi sọ pé kò le, ṣé kò ní mọ́ mi lára?"

"Ó ti mọ́ ẹ lára láti ọjọ́ ìkòkò. Ọ̀rọ̀ ẹnu kọ́ ló fà á."

A jọ padà sí bọ́ọ̀dù, àwọn méjèèjì ṣe ẹlẹ́rìí mi. Dókítà mìíràn ni, ìbéèrè kan náà. Ẹnu mi ti là láti dúpẹ́. Mo gbọ́ tí Sájẹ́ǹtì húkọ́ lẹ́yìn mi.

"Kò le, sà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n kò le."

Ó kọ etí. Ó kọ ẹ̀yìn. Mo sọ ti orí, ó ní kò sí àyè fún orí nínú fọ́ọ̀mù. Mo ní kó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́.

Lẹ́tà kejì gba etí, ó gba ẹ̀yìn. Ti ẹ̀gbẹ́ ìwé, kò sẹ́ni tó mẹ́nu bà á. Mo fi géètì sílẹ̀. Àwọn èèyàn ní kí n lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ bọ́ọ̀dù. Mi ò lọ. Ẹni tó dá ìdajì nǹkan ẹni padà, ṣé ọpẹ́ ló kàn?

Ní Túsìdé tó tẹ̀lé e, Sájẹ́ǹtì wọ bọ́ọ̀sì láti Òkukù wá sí ilé mi, òun nìkan. Ó fa fọ́ọ̀mù kan yọ, ó ti ká a títí ó fi kéré bí owó ẹyọ. Láti gbogbo ọdún yìí wá, kò gba fọ́ọ̀mù kankan fún ara rẹ̀ rí. Ó ní sájẹ́ǹtì kì í ṣàìsàn.

"Bá mi kọ ọ́," ló wí.

"Èmi? Sípẹ́lì mi ò dáa o, Sájẹ́ǹtì."

"Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Mo mú bírò. Mo kọ orúkọ rẹ̀, mo kọ nọ́ńbà rẹ̀. Mo dé ìlà tó ṣe kókó.

"Kí ló ń ṣe yín, sà?"

Kò dáhùn. Mo rò pé etí mi ni, mo yí ti ọ̀tún sí i. Ọ̀kadà kan kọjá lóde, mo gbọ́ ọ. Mi ò kán an lójú. Mi ò sọ pẹ̀lẹ́ fún un. A jókòó bẹ́ẹ̀ títí tíì tí ìyàwó mi gbé síwájú wa fi tutù.

Ó wá kó ọwọ́ méjèèjì jáde nínú àpò, ó gbé wọn lé orí tábìlì. Wọ́n ń gbọ̀n bí ìgbà tí ènìyàn ń jọ èlùbọ́. Ó fi ọ̀kan di èkejì mú, ìyẹn náà ń gbọ̀n.

"Bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́," ló wí.

"Èwo, sà?"

"Méjèèjì."

Mo kọ ọ́: méjèèjì. Mo sì fa ìlà sí i nídìí.