Ọjọ́ Mẹ́tàlélógójì Lábẹ́ Ilé

Ní erékùṣù tiwa, níbi tí àwa ènìyàn dúdú ń gbé, a kì í pe ṣẹ́rífù. Ẹ jẹ́ kí n tètè la ìyẹn mọ́lẹ̀. Bí ọkùnrin bá mutí yó tó fọ́ fèrèsé ilé, àwọn díákónì ni yóò lọ bá a jókòó. Bí ọmọ kan bá jí adìyẹ, ìyá rẹ̀ ni yóò nà án níwájú ẹni tó ni adìyẹ. Ṣẹ́rífù ni ọ̀gá ọlọ́pàá àgbègbè, òyìnbó sì ni láti ayé àwọn baba wa. Òdìkejì afárá ni ẹ̀wọ̀n rẹ̀ wà, ẹni wa tó bá sì débẹ̀ kì í sábà padà bó ṣe lọ. Ẹni tó bá wá pe irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ sí ọmọ ìyá rẹ̀, kí la fẹ́ máa pe onítọ̀hún?

Evangeline Mazyck pè é. Lọ́dún 1970 ni, ó pè é sí àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Kò sọ fún ìyá wọn títí ìyá fi kú. Ọkọ tó fẹ́ pàápàá kú láìmọ̀.

Àbúrò yìí ló ń jẹ́ Renty. Iṣẹ́ edé ló ń ṣe, nínú ọkọ̀ ojú omi ẹlòmíràn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1998 ni ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í há. Àwọn tó jọ ń fa àwọ̀n fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Renty, ṣé ọ̀pọ̀lọ́ lo gbé mì ni?"

"Ìyàwó ẹ ló sè é fún mi," ni Renty máa ń dá wọn lóhùn, gbogbo wọn á sì bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tó fi di oṣù kẹta, ẹ̀rín ti tán. Dókítà ní jẹjẹrẹ ni, inú ọ̀fun ló wà, iṣẹ́ abẹ ló kàn. Owó rẹ̀? Bí Renty bá ta ilé, tó ta ilẹ̀, tó ta ara rẹ̀ lé e, kò tó ìdajì. Ṣùgbọ́n ṣebí ológun ni Renty jẹ́ rí, ṣebí ó lọ jagun ní Vietnam? Ilé ìwòsàn àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ológun wà ní Charleston, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń tọ́jú wọn níbẹ̀. Evangeline fúnra rẹ̀ ló fi ọkọ̀ gbé e lọ bá Sájẹ́ǹtì Legare, ọkùnrin wa tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń bá àwọn ológun àtijọ́ kọ ìwé lọ́fíìsì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòtù.

Legare gba ìwé tí wọ́n fi tú Renty sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ológun. Ó wò ó fìrí, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Arákùnrin, ìwé burúkú nìyí. Wọn ò ní jẹ́ kí o wọ ẹnu ọ̀nà."

"Ó ti yí padà tipẹ́," ni Renty wí. "Ọ̀gá wa níbùdó sọ fún mi. Ó ní tí n bá ti fọwọ́ sí i, wọn ò ní gbé mi lọ sílé ẹjọ́ ológun. Ó ní tó bá ti pé oṣù mẹ́fà, á di ìwé rere fúnra ẹ̀."

Legare gbé ọwọ́ lérí. "Oṣù mẹ́fà! Olúwa ò! Ìwọ lẹni kẹtàdínlógún tó máa jókòó síbẹ̀ yẹn tó máa sọ oṣù mẹ́fà fún mi. Ṣé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ìwé ni, tó máa ń pọ́n nínú àpótí? Kò sí nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni wọ́n pa fún yín kí ẹ lè tètè fọwọ́ sí i. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fún ẹ láti fi bẹ̀ wọ́n, o sì jókòó sílé ò ń dúró dè é kó pọ́n."

Renty na ọwọ́ gbà á padà. Ó ń wo ìwé náà bí ẹni tó ń wo òkú. Gbogbo ọdún yẹn ló fi ń dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbàkígbà tí pásítọ̀ bá ní kí àwọn ológun dìde, tí a ó sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù. Ìgbìmọ̀ kan wà tó lè tún ìwé ológun kọ, tí wọ́n sì lè fojú fo ọjọ́ tó ti kọjá bí wọ́n bá rí i pé wọ́n rẹ́ ènìyàn jẹ. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan Renty ni pé ó sá kúrò níbùdó fún ọjọ́ mẹ́tàlélógójì. Bí wọ́n bá lè fi hàn pé orí rẹ̀ ò pé láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, ìgbìmọ̀ lè yí ìwé náà padà.

"Ta ló rí ẹ nígbà náà?" ni Legare bi í.

"Màmá mi ti kú. Àǹtí mi yìí nìkan ló kù."

Legare yíjú sí Evangeline. "Ó yá, Sísítà Vangie. Gbogbo ohun tí ẹ rí ni kí ẹ kọ, kí ẹ sì búra sí i."

Kí ni ohun tó rí? Ọmọ ogún ọdún ni Renty nígbà tó ti Vietnam dé. Iṣẹ́ tí wọ́n fún un níbẹ̀ ni kíkó òkú àwọn ọmọ ogun sínú àpò, kí wọ́n tó kó wọn wálé. Ọdún kan gbáko ló ṣe é. Wọ́n dá a padà sí ibùdó kan ní Georgia, ó rìn jáde níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó sì fẹsẹ̀ rin afárá wọ erékùṣù. Kò wọlé o. Abẹ́ ilé ló rá wọ̀, nítorí orí òpó bíríkì la ń kọ́ ilé wa sí, ibẹ̀ náà ló sì ń sùn. Ọṣẹ tí a fi ń fọ ilẹ̀ ló fi ń fọ ọwọ́ títí ara ọwọ́ fi bó. Ó ní òórùn ṣì wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ẹran tàbí ẹja sún mọ́ ọn, yóò bì. Ìrẹsì àti ilá nìkan ló ń jẹ, ìyá wọn ló sì máa ń ti àwo sábẹ́ ilé fún un, tí yóò máa ké pe Jésù lórí àtẹ̀gùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹtàlélógójì, Evangeline bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ilé, ó rí i pé ó ti fi ọ̀bẹ tí a fi ń la ìkarahun sí ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀. Ó já a gbà. Ó lọ síbi iṣẹ́, níbi tó ti ń se oúnjẹ fún àwọn òyìnbó kan, ó sì gbé tẹlifóònù wọn nígbà tí wọ́n jáde. Dókítà kì í kọjá afárá wá sọ́dọ̀ wa nígbà yẹn. Ṣẹ́rífù ló ní ọkọ̀, ṣẹ́rífù ló lè gbé e dé ilé ìwòsàn. Ó bẹ àwọn ọlọ́pàá ṣẹ́rífù pé kí wọ́n gbé Renty lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí wọ́n má gbé e lọ sẹ́wọ̀n.

Ọkọ̀ méjì ni wọ́n gbé wá. Wọ́n wọ́ ọ jáde lábẹ́ ilé bí ajá, wọ́n kó ṣẹkẹṣẹkẹ sí i lọ́wọ́, wọ́n sì fà á lé ológun lọ́wọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Inú ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Lonnie Capers, ọ̀rẹ́ Renty láti kékeré, ra ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹ ò rí nǹkan! Gbogbo wa la ní òun ló ta Renty, pé ṣẹ́rífù ló sanwó ọkọ̀ náà. Èmi náà wí bẹ́ẹ̀, mi ò ní purọ́. Lonnie búra títí, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni Renty fi ń kọjá lára rẹ̀ létí omi láìkí i. Nígbà tí Lonnie kú, tí gbogbo ọkùnrin ń gbẹ́ sàréè rẹ̀ bí àṣà wa, Renty jókòó sí èbúté, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Evangeline se ìrẹsì pupa lọ fún opó Lonnie. Ó gbé e kalẹ̀, kò lè wo ojú obìnrin náà.

Ìdí nìyẹn tí ìwé tó kọ́kọ́ kọ fún Legare fi rí bó ṣe rí. Legare kà á dé ìsàlẹ̀, ó dúró.

"'Lẹ́yìn náà ni àwọn ọlọ́pàá wá mú un.' Ta ló pè wọ́n?"

"Wọ́n ní Lonnie Capers ni."

"Mi ò bi yín ní ohun tí wọ́n ní, Sísítà." Ó gbé ìwé náà kalẹ̀. "Ìwé yìí dáa, ó sì ń pa mí lẹ́kún, ṣùgbọ́n kò ní ṣiṣẹ́. Wọ́n á ní ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni, kí ni kò ní sọ kí àbúrò ẹ̀ má kú? Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ lọ́dún yẹn gan-an ni wọ́n ń wá. Ṣé kò sí dókítà? Ṣé kò sí ẹni tó pariwo nígbà yẹn pé orí ọmọ yìí ti dàrú?"

Evangeline ní òun á ronú sí i. Ọjọ́ méjì ni kò fi jẹun. Ẹ̀rù ń bà á, ojú ń tì í. Bó bá dákẹ́, Renty á kú, á sì kú sí ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìfẹ́. Bó bá sọ̀rọ̀, Renty lè yè, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún òun mọ́. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ti Evangeline yàtọ̀ ní tiẹ̀: ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn lọ pàdé òtítọ́, ó kọjá afárá lọ sí ọ́fíìsì ṣẹ́rífù. Ó ní kí wọ́n bá òun wá ìwé tí wọ́n kọ ìpè àwọn èèyàn sí lọ́dún 1970. Obìnrin kan wọ yàrá ìsàlẹ̀, ó gbé ìwé ńlá kan jáde tó ti rin fún ọ̀rinrin. Ó wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí: *Evangeline Mazyck, obìnrin dúdú, alásè, ní orí àbúrò òun ti dàrú, ó fẹ́ pa ara rẹ̀ lábẹ́ ilé. Ó ń bẹ̀bẹ̀ fún dókítà.*

Legare fò dìde nígbà tó rí i. "Háà! Wúrà lẹ gbé wá yìí!" Ìgbà náà ló wo ojú rẹ̀, ó sì tún jókòó. "Ó gbọ́dọ̀ kà á, Sísítà. Òun ló máa fọwọ́ sí gbogbo ẹ̀."

"Mo mọ̀," ni Evangeline wí.

Renty kà á níwájú àwọn méjèèjì. Ó kà á tán, ó tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò ju èémí lásán lọ mọ́ nígbà yẹn.

"Ẹ̀yin ni."

"Dókítà ni mo ní kí wọ́n gbé ẹ lọ bá, Renty. Ọlọ́run rí mi. Ìwọ náà rí i níbẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n kórìíra Lonnie títí ó fi wọlẹ̀."

Evangeline ń sunkún, ó fẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Renty fa ọwọ́ kúrò, ó mú bírò, ó fọwọ́ síbi tí Legare tọ́ka sí, ó sì jáde.

Oṣù mọ́kànlá ni ìgbìmọ̀ fi dáhùn. Renty ò wá sílé Evangeline láàárín ìgbà náà, oúnjẹ tó bá gbé lọ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ló ń bá níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí lẹ́tà dé, Legare ló gbé e wá, ó ń jó lójú ọ̀nà. Wọ́n ti yí i padà. Wọ́n dárúkọ ìwé ṣẹ́rífù nínú ìdájọ́ wọn, wọ́n ní òun ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dá àwọn lójú. Ẹnikẹ́ni tó lè wa ọkọ̀ dé Charleston lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún iṣẹ́ abẹ kò sí, àfi Evangeline. Renty jókòó sẹ́yìn ọkọ̀. Wákàtí méjì ni wọ́n fi rìn, ó kọjú sí fèrèsé títí wọ́n fi débẹ̀.

Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì níbi ìgbàwọlé ṣèèyàn. Ó gba ìwé tuntun náà, ó kí Renty kú iṣẹ́ ìlú. Ó kọ ọjọ́ orí rẹ̀, ó kọ àdírẹ́sì. Evangeline dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Renty, ó di báàgì aṣọ rẹ̀ mú.

"Ta ni ẹbí yín tí a máa pè, sà, tí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀?"

Renty sọ ọ́. Ọmọbìnrin náà kò gbọ́, ó fi etí sún mọ́ ọn, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ tún un sọ."

Renty di ọ̀fun mú kí ọ̀rọ̀ lè jáde.

"Mi ò ní ẹbí. Màdámù yìí ló fi ọkọ̀ gbé mi wá."

Ọmọbìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún Evangeline pé ẹbí nìkan ló lè bá wọn kọjá ilẹ̀kùn yẹn, kó jọ̀ọ́, kó gbé báàgì náà fún nọ́ọ̀sì.