Ṣọ́ọ̀kì Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Onígẹdú

Òórùn pákó tútù ṣì máa ń bí mi nínú títí di òní. Mo rántí ìgbà tí bàbá mi ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tí ọ̀gá rẹ̀, onígẹdú tó lówó jù níbẹ̀, fẹ̀sùn kàn án pé ó jí pákó. Níwájú àwọn òṣìṣẹ́ tí bàbá mi tó bí lọ́mọ, ó mú un kúnlẹ̀ sínú lẹ́búlẹ́bú pákó láti àárọ̀ títí oòrùn fi kàn tàrí. Èmi ni mo gbé oúnjẹ lọ fún un lọ́jọ́ náà, mo sì fojú ara mi rí i. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, wọ́n rí pákó náà níbi tí awakọ̀ kan ṣèèṣì já a sí. Onígẹdú kò tilẹ̀ sọ pé pẹ̀lẹ́. Bàbá mi di ẹrù rẹ̀, ó padà sí Makun-Omi, ó lọ ń hun àwọ̀n. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Èmi ni mo kó o.

Ó tó ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà kí Ọlọ́run tó fa onígẹdú lé mi lọ́wọ́. Mo ti gba fíríìdọ̀mù iṣẹ́ mẹkáníìkì nígbà náà, ṣùgbọ́n mo ṣì wà lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní Àgọ́-Ìwòyè, lójú ọ̀nà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń gbà. Ọkọ̀ eré sísá kan wọlé, ó pupa, ó sún mọ́lẹ̀, ilẹ̀kùn méjì péré, ó ń bú ramúramù. Ta ló jókòó sínú rẹ̀? Ó ti hewú, kò sì dá mi mọ̀. Ó ní bí òun bá ti sáré díẹ̀, ìdí ọkọ̀ á máa jó. Mo tẹ ìdí ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀, mo fi sílẹ̀, ó ń fò sókè sódò bí ọ̀pọ̀lọ́. Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ máa fò, ti kú, epo rẹ̀ ti ṣàn tán. Mo pààrọ̀ méjèèjì, nítorí bí ìbejì ni ṣọ́ọ̀kì rí.

A kì í fún nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì pinpin nígbà tí ọkọ̀ bá wà lórí jáàkì. Ọwọ́ lásán la fi ń wé e, títí ọkọ̀ yóò fi fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, kí rọ́bà inú rẹ̀ má baà lọ́. Ìgbà yẹn la tó ń fi sípánà fún un. Mo sọ ọkọ̀ kalẹ̀, mo fún ti òsì, mo fi ti ọ̀tún sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo nu ọwọ́ mi, mo ní ó ti parí. Mò ń sọ fún ara mi pé n kò fẹ́ kó kú, mo kàn fẹ́ kí ojú tì í lójú títì. Irọ́ ni. Mo fẹ́ kó kú díẹ̀.

Ìbínú ló jẹ́ kí n gbàgbé òfin ọ̀gá mi: ẹni tó bá ṣe ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ni yóò jókòó lé e lórí nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ wa ọkọ̀ náà, kó lè fetí ara rẹ̀ gbọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Wọlé jàre, kí lò ń wò?" ni ọ̀gá mi wí.

Bí mo ṣe ká jọ sórí ìjókòó ẹ̀yìn kékeré yẹn nìyẹn, orúnkún mi kan àgbọ̀n, onígẹdú sì dojú ọkọ̀ kọ Òrù bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Kí a tó dé Awà ni ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì ti ń kàn gbọ̀ngbọ̀n lábẹ́ ìdí mi. Mo gba gbogbo àdúrà tí mo mọ̀, mo tún gba èyí tí n kò mọ̀. Nígbà tó fẹ́ fi eré yẹn ya kọ́nà kan, mo figbe ta: "Ẹ dúró, sà!"

Ó dúró. Mo ní nọ́ọ̀tì kan ti tú. N kò sọ ẹni tí kò fún un. Bí mo ṣe rí i pé n kò ní kú mọ́, ìbínú mi padà wá. Bóòtù tí nọ́ọ̀tì náà wé mọ́ ń bá a yí, ó fẹ́ ẹni tí yóò di orí rẹ̀ mú, mo sì na sípánà kejì sí i.

"Ẹ kúnlẹ̀, sà, kí ọwọ́ yín lè tó o."

Onígẹdú kúnlẹ̀ sínú erukú pẹ̀lú léèsì funfun lọ́rùn. Àwọn tó ń ti oko bọ̀ dúró ń wò ó. N kò kánjú. Mo fún nọ́ọ̀tì náà, mo tú u, mo tún fún un. Inú mi dùn. Nígbà tó dìde, ó gbọn orúnkún rẹ̀, ó dì mọ́ mi.

"O ṣeun, ọmọ mi. Ìwọ lo yọ mí lọ́wọ́ ikú lónìí."

Mo fẹ́ dárúkọ bàbá mi fún un, ṣùgbọ́n bí mo bá dárúkọ rẹ̀, á mọ ẹni tó fi nọ́ọ̀tì sílẹ̀. Mo gbé ọpẹ́ rẹ̀ mì bí ẹni gbé egbòogi kíkorò mì.

Ní Sátidé, mo gba ọ̀nà Abigi lọ sí Makun-Omi, mo sọ fún bàbá mi pé mo ti mú un kúnlẹ̀.

"Lèsí?"

Mo ní onígẹdú ni. Kò gbé ojú kúrò lára àwọ̀n rẹ̀. Ó bi mí bóyá ọkùnrin náà mọ ìdí tó fi kúnlẹ̀. Mo ní rárá.

"Ọkọ̀ rẹ̀ ló kúnlẹ̀ fún nígbà náà," ni bàbá mi wí. "Kò kúnlẹ̀ fún mi." Ó hun ojú àwọ̀n méjì sí i. "Nọ́ọ̀tì yẹn ńkọ́? Ṣé o fún un dáadáa?"

Bàbá mi ti lọ. Onígẹdú náà ti lọ, orí ibùsùn rẹ̀ ló sì kú sí. Èmi náà ti hewú, inú ṣì ń bí mi sí i, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti sọ ọkọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí jáàkì, mo máa ń fún nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, màá nu ọwọ́ mi, màá tún padà lọ fún un, bí ẹni tí wọ́n ṣì ń bi léèrè.