Kì Í Fọwọ́ Síwèé Lórí Ìdúró

Òjò ti ń fọ́n wínníwínní láti ìdájí lọ́jọ́ náà, ẹrẹ̀ sì ti gba iwájú ilé mi ní Ìgandò. Ayálégbé mi kan ń múra ibi iṣẹ́. Òun ni ọ̀gá tó ń mójú tó owó ní kọ́ḿpìnnì ńlá kan n'Íkẹjà. Kì í fọwọ́ síwèé lórí ìdúró láé. Á jókòó, á bọ́ bàtà, á wá máa fìka tọ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà.

Dírẹ́bà rẹ̀ dé tòun tìwé. "Mà, ọ̀gá pátápátá ní kẹ́ ẹ yáa sáìn-ín, kí báǹkì lè sanwó ẹ̀rọ tuntun yẹn láàárọ̀ yìí."

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, ó kà á tán, ó dá a padà. "Wọ́n kọ ọ́ síbí pé ẹ̀rọ ti dé. Kò tíì dé. Mi ò sáìn."

Mo sún mọ́ ọn. "Ọmọ mi, ṣé wọn ò ní lé ẹ báyìí? Sáìn-ín jàre, ṣebí ẹ̀rọ náà á ṣáà dé."

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, tó bá dé, màá sáìn. Wọ́n lè gbaṣẹ́ wọn, àmọ́ orúkọ mi ló ń bẹ nísàlẹ̀ ìwé."

Lọ́jọ́ kejì, dírẹ́bà gbé ìwé mìíràn dé. Ọ̀gá pátápátá ti gbà pé ó di ìgbà tí ẹ̀rọ bá dé kí wọ́n tó sanwó. "Ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n yí padà, mà."

Ó bọ́ bàtà, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìlà àkọ́kọ́.